Àwọn Abìyẹ́ Tí Mo Kó Jọ Nítorí Àbúrò Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè. Ẹ gbé ẹ̀rọ géèmù lé e lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ti ń lọ mú ẹranko nínú igbó tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ìjà, kí ẹ wá ní kó ṣa mẹ́fà tí yóò kó lọ sójú ìjà. Àwọn kan á ṣa èyí tó lágbára jù. Àwọn kan á ṣa èyí tó wù wọ́n lójú, wọn ì báà máa pàdánù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìṣirò ni wọ́n ń fi í ṣe: bí ti iná bá dé, ti omi ni yóò pàdé rẹ̀, bí ti omi bá dé, ti ewéko ni yóò pàdé rẹ̀, kò sí ihò tí wọn ò dí. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà tó níyàwó nílé ń bú ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Tina Junction nílùú Jos, mo sì dá sí i, torí ẹnu mi kì í gbélẹ̀ jẹ́ẹ́. Àmọ́ ìdí tí mo fi ṣa ikọ̀ tèmi bí mo ṣe ṣà á, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún púpọ̀. Nítorí àbúrò mi ni.

Jenta Adamu ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Bàbá bàbá wa ló kó aṣọ wá tà ní Jos láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì padà sílé mọ́ àfi fún ọdún àti ìsìnkú. Nígbà tó fi máa kàn wá, Hausa la fi ń ṣeré, Yorùbá la fi ń gba ìbáwí. Yaya ni àbúrò mi ń pè mí, bí àwọn ọmọ Hausa àdúgbò wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn, ṣùgbọ́n màmá wa kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wo ojú mi kó pè mí ní "ìwọ". Àbúrò màmá wa kan tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ géèmù kékeré méjì ránṣẹ́ sí wa, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Lásìkò ọyẹ́, tí òtútù Jos bá ti wọ̀ wá légungun, a máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀, a ó lọ jókòó sínú oòrùn níwájú ilé, a ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, a ó sì so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀.

Ìjà ẹlẹ́ni-méjì la fẹ́ràn jù. Èmi á mú ẹranko kan jáde, òun náà á mú ọ̀kan jáde, àwọn méjèèjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn á sì kojú méjì tí àwọn alátakò bá mú wá. Agbára ni àbúrò mi fi ń ṣa tirẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀gá gbogbo wọn ni ẹranko abara-wúwo kan tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tí ilẹ̀ á sì mì tìtì. Ìmìtìtì ilẹ̀ yìí kò mọ ọ̀tá, kò mọ ọ̀rẹ́. Gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ló ń gbá lulẹ̀, títí kan ẹranko ẹni tí ẹ jọ ń jà. Abìyẹ́ nìkan ni kò lè rí mú, torí òkè ni wọ́n wà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àlàyé géèmù náà, ṣùgbọ́n ta ló ń ka àlàyé?

Mo ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan nígbà yẹn. Òun ni mo kọ́kọ́ mú nínú géèmù náà. Ìrù rẹ̀ funfun, tó bá sì ti borí, á pòyì lójú kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń kí i ní "o jí ire" tí mo bá ti tan ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ lo ìmìtìtì ilẹ̀, alátakò méjèèjì ṣubú, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mi náà ṣubú. Ọmọ náà wo ojú mi, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kéré nígbà yẹn, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ó di ìrọ̀lẹ́. Kíá ni mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni." Ó gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ kejì mo fi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sínú àpótí tí wọ́n ń kó àwọn tí wọn ò lò sí, mo wọ igbó lọ. Mo mú àdán. Mo mú ẹyẹ odò. Mo mú labalábá. Mo mú ohun kan tó rí bíi fèrè tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Mi ò dúró títí mo fi ní mẹ́fà tí ẹsẹ̀ ìkankan nínú wọn kò kan ilẹ̀.

Ikọ̀ burúkú ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mànàmáná kan ṣoṣo ló ń tú gbogbo wọn ká. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àbúrò mi ló ń gbé mi pọ̀n. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi tilẹ̀ ń dùn, mo rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ, torí pé lábẹ́ àwọn ẹyẹ mi ni àbúrò mi ti ń mi ilẹ̀ bó ṣe wù ú, tí a sì ń borí. Mi ò rò ó rárá pé ó ń kọ́ nǹkan kan lára mi. Ohun tó ń kọ́ ni pé kò sí ohun tí òun lè ṣe tó máa dun ẹni tó dúró ti òun.

Kì í ṣe géèmù nìkan náà. Tó bá ti mú ẹran tó tóbi jù nínú abọ́, èmi á ní ẹran ò wù mí jẹ. Tó bá sùn gba gbogbo bẹ́ẹ̀dì, èmi á ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló tù mí lára. Màmá wa wò wá títí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ò ń ba ọmọ yìí jẹ́, o sì rò pé ò ń kẹ́ ẹ ni." Mo bínú. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ ká máa jà nínú ilé ni.

A dàgbà. Èmi ń ta oògùn ní kẹ́mísì kan ní Dogon Dutse, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Tina Junction. Ọmọ àdúgbò wa ni ọ̀rẹ́ yìí, Yorùbá ni bíi tiwa, àmọ́ tí inú bá ti bí i, Hausa ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń dúró kí àbúrò mi sọ̀rọ̀ tán, èyí tí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Òun ló mọ iṣẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ìrètí àbúrò mi, mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé bí ọ̀rẹ́ yẹn bá fi lọ, ṣọ́ọ̀bù ò ní dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà lódìkejì ọ̀nà ṣe ìdíje ẹlẹ́ni-méjì. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni àbúrò mi mú. Nígbà tí mo ráyè lọ́sàn-án, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ra kósáì, àkàrà àwọn Hausa, ní gbígbóná dání, mo sáré lọ wò wọ́n. Ọ̀rẹ́ náà ti ṣa ikọ̀ tirẹ̀ dáadáa: ti iná, ti omi, ti ewéko, àti èyí tó ń wo àwọn yòókù sàn. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo rí wọn, mo sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé, mo fi kósáì dí i.

Àbúrò mi lo ìmìtìtì ilẹ̀. Alátakò méjèèjì ṣubú, aláǹgbá iná ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ṣubú tẹ̀ lé wọn.

"Kai! Ba ka gani ne?" ni ọ̀rẹ́ náà pariwo, pé ṣé kò ríran ni.

Àbúrò mi wò ó bí ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́. Ó ní, "Tìrẹ ni kò lágbára. Ti Yaya kì í ṣubú." Ó nàka sí mi láàárín èrò. "Yaya, ẹ sọ fún un."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Gbólóhùn kan ni: àwọn tèmi ń fò ni. Mo wo ojú àbúrò mi, ètè rẹ̀ ni mo rí, bó ṣe rí nígbà tó kéré. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, eré ni, ẹ wá jẹ kósáì." Ọ̀rẹ́ náà kò jẹ ẹ́. Nínú ìjà tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi tún mi ilẹ̀, wọ́n sì já bọ́ nínú ìdíje náà.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àṣé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù fóònù wọn. Àbúrò mi gba yàrá kejì mọ́ tiwọn láì bi ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra, èyí tó ti mọ́ ọ̀rẹ́ náà lọ́wọ́, ó ra òmíràn. Ó yí àkókò tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn padà, ẹnu oníbàárà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbọ́. Ire ṣọ́ọ̀bù ló ń wá o, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ náà bá ráhùn, àbúrò mi á ní ara rẹ̀ ti rọ̀ jù.

Ọ̀rẹ́ náà wá bá mi ní kẹ́mísì. Ó ra oògùn ẹ̀fọ́rí, ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ. "Yaya," ó ní, "ni ma ina nan fa." Èmi náà wà níbẹ̀ o, ohun tó ń sọ nìyẹn. "Ẹ bá mi sọ fún un. Ọ̀rọ̀ yín nìkan ló ń gbọ́." Mo ṣèlérí fún un. Nírọ̀lẹ́ mo lọ sí Tina Junction pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo bá àbúrò mi tó ń kun yàrá tuntun lọ́dà, ọ̀dà ti yí i nírun, inú rẹ̀ ń dùn. "Yaya, ẹ wò ó, ṣé kò dáa?" Mo ní ó dáa. Mo bá a gbálẹ̀, mo sì lọ sílé mi.

Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ náà fi kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kaduna ló lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Yàrá tuntun ò rí ẹni jókòó sí, nígbà tó yá ṣọ́ọ̀bù náà pa dé. Abẹ́ agboòrùn létí títì ni àbúrò mi ti ń tún fóònù ṣe báyìí, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí i ò yé e. Ó máa ń sọ pé àwọn èèyàn kì í lè dúró tini. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó máa ń dùn mí wọnú eegun, màá sì tún bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, ó gbé ẹ̀rọ méjèèjì wá sílé mi. Ó ti pààrọ̀ bátìrì wọn fúnra rẹ̀. "Yaya, ẹ jẹ́ ká jà lẹ́ẹ̀kan." A jókòó sínú oòrùn bíi ti àtijọ́. Mo tan tèmi, gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀: àdán, ẹyẹ odò, labalábá. Mo wò wọ́n, wọ́n sú mi. Mo lọ ṣí àpótí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mi wà níbẹ̀, ìrù rẹ̀ funfun síbẹ̀, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ́mọdé. Mo rọra kí i ní "o jí ire", mo sì fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jáde.

Àbúrò mi kò wo ohun tí mo mú jáde. Kì í wò ó. Mo ń retí kó bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe, mo retí rẹ̀ tọkàntọkàn, ìka mi dúró lórí bọ́tìnì. Ó tẹ tirẹ̀. Ilẹ̀ mì tìtì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mi sì ṣubú.

Ó gbójú sókè. "Yaya, kí ló gbé e ṣubú?"

"Ìwọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ tiyín kì í ṣubú."

"Àwọn tó ń fò ni kì í ṣubú. Mo lọ ṣà wọ́n jọ kí o má bàa sunkún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ò ń gbá a lulẹ̀."

Ó wo ẹ̀rọ náà títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Kò bínú sí mi. Ká ní ó bínú ni, ì bá tù mí lára díẹ̀. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò nu ojú gíláàsì náà, bó ṣe máa ń nu fóònù oníbàárà kó tó dá a padà.

"Ọ̀rẹ́ mi tó lọ Kaduna sọ fún mi," ó ní. "Ó sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú u. Mo ní òun ni kò lágbára. Mo ní kó wá kọ́ agbára lára yín."