Omi Àwọ̀ Ewé Tí Mo Fà Nínú Kànga ní Ladi-Lak

Ẹ tún wá ń sọ pé ẹnu mi ló lé mi kúrò níbi iṣẹ́! Ẹnu mi kẹ̀? Ṣé ẹnu mi ló gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ sókàwéè ni, kòtò tí gbogbo ìgbẹ́ ilé ń lọ? Gbogbo àdúgbò Pedro ti gbọ́ pé mo ba ilé onílé jẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ohun tójú mi rí. Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fúnra mi.

Púlọ́ḿbà ni mí. Mi ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Fóònù ni mo fi ń wò ó, mò ń ba páìpù jẹ́, mò ń ra òmíràn dípò ẹ̀, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Baba onílé kan ní Ladi-Lak ló ní kí n wá gbé táǹkì sókè, kí n fa omi kànga sí i, kí n wá fi ẹ̀rọ omi sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Orí iṣẹ́ yẹn ni mo wà tí wolé-wolé fi wọlé. Ìyá kan báyìí, híjáàbù gígùn, bàtà òjò lẹ́sẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Láíséńsì yín dà?"

Mo na ọwọ́ méjèèjì sí wọn. "Òun rèé, ma. Ẹ wò ó dáadáa, ìjọba kọ́ ló fún mi."

Baba onílé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá yẹn náà rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ rere ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìjọba ní kí púlọ́ḿbà ṣe ìdánwò kó tó fọwọ́ kan omi táwọn èèyàn máa mu. O tiẹ̀ mọ ibi tómi yìí ti ń wá?"

"Inú ilẹ̀ ni, ma. Àbí ojú ọ̀run ni wọ́n ń gbẹ́ kànga sí?"

Ìyá yẹn fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti kànga dé sókàwéè, wọ́n mirí. Wọ́n mú ìyẹ̀fun kan jáde nínú báàgì, wọ́n dà á sílé ìgbẹ́, wọ́n ní ká da omi tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kò ní májèlé, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ẹ̀ bá yọ nínú kànga, a jẹ́ pé ìgbẹ́ là ń mu. Wọ́n ní kí baba onílé sọ fáwọn ayálégbé pé kí wọ́n má mu omi náà títí àwọn á fi padà dé.

Baba onílé ò sọ fún ẹnì kankan. Èmi náà ń fi wolé-wolé ṣe yẹ̀yẹ́. "Wọ́n rò pé omi lẹ́sẹ̀!"

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo débẹ̀ láàárọ̀, mo fẹ́ po sìmẹ́ńtì. Mo ju garawa sí kànga, mo fà á sókè.

Ah!

Omi náà ń tàn. Àwọ̀ ewé ni, àmọ́ kì í ṣe ewé kankan tí mo mọ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn gbé ìgò sókè sójú oòrùn. Mo bù ú sọ́wọ́, ó mọ́ gaara, mò ń rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi nísàlẹ̀ ẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀. Èmi tí mo rò pé inú páìpù nìkan lomi ń gbà! Ó kúrò nílé ìgbẹ́, ó gba abẹ́ yàrá àwọn èèyàn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn sí, kò bi ẹnikẹ́ni lọ́nà, ó wá jókòó sínú kànga bí àlejò. Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń rin ìrìn yẹn, tí kò láwọ̀ tá ò rí i? Orí mi wú. Ẹ̀rù bà mí, ẹ má bínú, ó tún rẹwà lójú mi. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ìdánwò wọn ti ń wù mí ṣe. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìyá yẹn mọ̀.

Baba onílé ti dé ẹ̀yìn mi. "Dà á nù kíá. Fi pọ́ǹpù fa kànga yẹn títí omi ẹ̀ á fi funfun, kí obìnrin yẹn tó dé."

"Baba, àwọn tó ń mu ún ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń mu ún tipẹ́, ta ló kú? Gbọ́ o. Ìwọ lo ò ní láíséńsì. Tọ́rọ̀ yìí bá ta síta, màá ní ìwọ lo fọ́ páìpù ìgbẹ́ mi. Ká wá mọ ẹni tó máa fún ẹ níwèé l'Ékòó yìí."

Mo mọ̀ pé wọ́n á ṣe é.

Ibi tá a wà nìyẹn tí obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú fi jáde. Ìlàjẹ tó wà nítòsí ló ti ń ta ẹja. Ó pọn ọmọ, ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání, omi tó máa fi po ògì ọmọ ló wá fà. Baba onílé fi ara bo garawa.

"Ìyá ọmọ, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀, púlọ́ḿbà ń fọ kànga ni." Wọ́n yíjú sí mi. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo fa garawa yẹn kúrò lẹ́yìn wọn, mo gbé e sáàárín àgbàlá, mo figbe ta. "Ẹ jáde o! Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ̀ ń mu!"

Àwọn ayálégbé jáde. Gbogbo wọn dúró yí garawa ká, wọ́n ń wò ó. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú garawa pẹ́, ó wá fọwọ́ gbá ìdí ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ra.

Baba onílé da gbogbo irinṣẹ́ mi sí gọ́tà. Wọ́n ti lọ sọ fáwọn ìjọba pé èmi ni mo ba kànga jẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ìjọba á gbà mí sí ìdánwò yẹn mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè mí ní ọlọ́fòófó, ẹ dá mi lóhùn: ká ní ẹ̀yin lẹ dúró síbẹ̀, tí obìnrin yẹn ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?