Àyà Tó Dákẹ́

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan ní Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Ghana. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo ìlú, obìnrin kan gbé ìyá rẹ̀ wá láti àdúgbò Asawase nínú takisí. Èdè Twi ló kọ́kọ́ fi bẹ̀ mí, àmọ́ mo rí ilà Yorùbá lójú ìyá náà. Bó ṣe gbọ́ tí mo kí ìyá náà ní Yorùbá ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ikọ́ fée ló ń ṣe wọ́n. Àtàárọ̀ ni àyà wọn ti ń súfèé. Àmọ́ alhamdulillahi, ó ti dákẹ́ báyìí. Ṣé kí n kúkú máa mú wọn lọ sílé?"

Mo wo ìyá náà. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Bó ṣe ń mí, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọ̀fun rẹ̀ ń jìn wọnú.

"Ìyá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Kì í ṣe oúnjẹ ni mò ń wá. Mo fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ tó lè sọ kó tó tún mí ṣe pọ̀ tó.

"Kókó," ó ní, ìyẹn ògì. Ó mí. "Àti..." Kò lè parí rẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà lé e lẹ́yìn. N kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù sì bà mí. Atẹ́gùn tó ń wọlé ti kéré débi pé kò lè dún mọ́. Mo ké sí dókítà. A fún un ní ọ́síjìn, a fi ìbòmú tí oògùn ń rú jáde bí èéfín bò ó nímú, a sì gún un lábẹ́rẹ́.

Ọmọ rẹ̀ di apá mi mú. "Wọn ò ní kú, àbí?"

N kò lè búra fún un. "Àǹtí, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, àyà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ọmọ náà figbe ta: "Ó tún ti dé o!"

"Ẹ jẹ́ kó dún," mo ní, ẹ̀rín sì ń pa mí. "Atẹ́gùn ti ń ráyè kọjá nìyẹn."

Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ti fara ti ìrọ̀rí. Ó ń bi mí bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá àbí Ọ̀yọ́, kò tiẹ̀ dúró kí n dáhùn. Ọmọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rọra bó ọsàn fún un.