Ilé awọ́nríwọ́n mi kúrú

Awọ́nríwọ́n tí mò ń sìn ló dójú tì mí lónìí, ní àdúgbò Treichville níbí.

Ó ti gùn ju apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Múínátù aránṣọ, aládùúgbò mi, fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n láti orí dé ìrù: ọ̀pá méjì.

Ó fẹ́ wọn pákó tí a ó fi kan àpótí tuntun fún un, mo ní kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ṣebí aṣọ ni mò ń tà, apá mi ni mo sì fi ń wọ̀n ọ́n. Mo wọn ọ̀pá méjì, mo gé e, mo kàn án, mo fi àwọ̀n onírin bo iwájú rẹ̀.

A ti ẹranko wọlé, ìrù kù síta.

Múínátù wọn àpótí náà. Ó wò mí.

"Màmá, ṣé apá yìí lẹ fi ń wọn aṣọ fún àwọn oníbàárà mi?"

"Òun náà ni."

"Èmi ni wọ́n ń pè lólè! Wọ́n ní mò ń gé aṣọ wọn pamọ́!"

Ó pẹ́ tí mo ti ń ká ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ bí mo bá ń wọn aṣọ. Ó ti mọ́ apá mi lára débi pé mo ká a fún pákó ara mi.

Ẹ̀yin tí ẹ pe Múínátù lólè, èmi ni olè náà. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó wá sọ tẹnu yín fún mi.