Bí Mo Ṣe Mú Lẹ́ẹ̀dì Lọ Tọrọ Ìyàwó ní Oǹdó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí èmi àti àlejò mi gbé iṣu jáde nílé mi ní Arakale, ní Àkúrẹ́, tí a forí lé Oǹdó. Hámíṣì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Skọ́tílándì. Lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹni tí ó jogún ilẹ̀ àti ilé ńlá láti ìran dé ìran. Àbúrò mi tó ń gbé níbẹ̀ ló ní kí n ṣe bàbá fún un, kí n bá a tọrọ Bọ́láńlé. Mo ti bá ènìyàn tọrọ ìyàwó rí, mi ò sì gbé iṣu padà wálé rí.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni owó ọkọ̀. Awakọ̀ wo Hámíṣì látòkè délẹ̀.

"Bàbá, òyìnbó yín yìí, ìjókòó méjì ni yóò san o."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ló gùn. Ìdí kan ṣoṣo ló ní."

Ọ̀nà dára títí dé Ọ̀wẹ̀nà. Lẹ́yìn ibẹ̀, kòtò ń fà wá lé kòtò lọ́wọ́ láàárín oko kòkó. Hámíṣì wá sọ bí òun ṣe mọ Bọ́láńlé. Nílùú wọn, bí ìyá arúgbó kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba ènìyàn síṣẹ́ láti máa bá a jókòó. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n á jọ mu tíì, á sì máa kàwé sí i létí. Iṣẹ́ tí Bọ́láńlé ṣe fún ìyá Hámíṣì nìyẹn títí màmá fi kú. Nílé tiwa, ta ló ń sanwó ìjókòó? Ọmọ-ọmọ ní í ṣe é, a ó tún máa jágbe mọ́ ọn kó tó jókòó.

Ní Oǹdó, Hámíṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí mo ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ́láńlé, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ wa ti gbowó nílé yín," ó sọ fún Hámíṣì ní Gẹ̀ẹ́sì. "Lọ́jọ́ tí ẹ bá jà, ṣé o ò ní sọ fún un pé alágbàṣe rẹ ni tẹ́lẹ̀?"

Bọ́láńlé ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí Hámíṣì bọ́ sí ìta ká lè gbìmọ̀. Oòrùn kan orí, a kò fẹnu kò.

Nígbà tí a jáde, a bá Hámíṣì lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Tíṣà, ó ń bó ọsàn fún un. Màmá ń sọ̀rọ̀ oko kòkó ọkọ rẹ̀. Hámíṣì kò gbọ́ ẹyọ kan nínú Yorùbá rẹ̀, síbẹ̀ ó ń mi orí.

"Ta ni eléyìí?" Màmá bi wá.

"Ẹni tó ń tọrọ Bọ́láńlé ni, Ìyá," Bàbá Tíṣà dáhùn, ó sì sọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú.

"Ó mọ ìjókòó. Ẹ̀yin kàn ń kí mi kọjá ni." Màmá tú etí ìró, ó yọ owó bébà kan. "Gbà, owó ìjókòó rẹ."

Hámíṣì wò mí. Mo mi orí sí i pé kó gbà á. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Òun náà ti gbowó nílé wa," Màmá ní. "Bí wọ́n bá jà, kí kálukú panu mọ́."

Bàbá Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé iṣu wọlé.

Nígbà tí mo dé Arakale, ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé. Mo fa àga, mo jókòó tì í.

"Kí ló dé?" ó bi mí. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan, Màámi. Mo wá jókòó ni."