Nóòtì Tíṣà Kí-Lo-Fi-Sílẹ̀

Kí ẹ tó dá ọkùnrin yìí lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Èmi náà bínú sí i, mo sì bínú dáadáa, àmọ́ mi ò ní tìtorí ìbínú parọ́ mọ́ ọn.

Òun ló kọ́ wa ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé fún ọdún méjì tí a fi ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì lẹ́yìn girama. Àwa mọ́kànlá péré la wà ní kíláàsì náà, nínú yàrá kan lókè àtẹ̀gùn tí fèrèsé rẹ̀ kan kì í ṣí, tí èkejì kì í sì í padé. Ọkùnrin náà ga, ó tín-ín-rín, ṣọ́ọ̀kì kì í sì í wọ́n lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kí-Lo-Fi-Sílẹ̀ là ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀kọ́ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọdún ni pé kò sí ohun tí èèyàn máa mú tí kò ní fi òmíràn sílẹ̀, àti pé ohun tó fi sílẹ̀ yẹn gan-an ni iye tó san. Bí o bá pẹ́ dé kíláàsì, á wò ọ́ láti òkè dé ilẹ̀: "O sùn dáadáa, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí lo fi sílẹ̀?" Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi í ní ìbéèrè yìí níwájú ìyàwó, ọkùnrin yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àmọ́ ó jọ ọ́.

Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè fi bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí ọjà fi ń wọ́n, tí ẹni tó ti ń tòògbé á jí. Fúnra rẹ̀ ló kọ nóòtì tó ń pè fún wa, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti kọ ọ́, tòun ti ibi tó yẹ ká ti fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣe tán a fi nóòtì tirẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni mo ti gba tèmi. Ọdọọdún làwọn ọmọ rẹ̀ ń yege, nítorí náà kò sẹ́ni tó ra ìwé mìíràn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ohun tí àjọ tó ń ṣe ìdánwò fẹ́ ká mọ̀. Kí la fẹ́ bèèrè fún? Nóòtì wà nílẹ̀.

Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Òun ló ń lọ aṣọ ibùsùn, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nínú ooru tó ń mú kí ògiri máa làágùn. Kò kàwé. Nígbà tí lẹ́tà yunifásítì dé pé wọ́n á gbà mí bí mo bá lè gba B nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ó ní kí n kà á sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ aṣọ lé lẹ́tà náà lórí, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ojú ibi tí wọ́n ti ká a fi pòórá, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀ nínú ẹbí wa.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún ká ṣe ìdánwò ni ọmọbìnrin kan ti ilé-ìwé mìíràn wá bá wa. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo la máa ṣe apá kẹta?"

"Apá kẹta wo?" Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Apá méjì ló wà, ọmọ mi."

Ọmọ náà ò jà, ó kàn gbé ìwé rẹ̀ síta. Tíṣà kà á lórí ìdúró. Ó ṣí ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó wá bá ẹ̀yìn ìwé, ó wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó mú un dání, ó jáde lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé.

Ìgbà tó padà dé, ó jókòó. A ò rí i kó jókòó rí nínú kíláàsì. Ó ní wọ́n ti yí sílábọ́ọ̀sì padà láti ọdún méjì sẹ́yìn, àwa la sì máa kọ́kọ́ fi ṣe ìdánwò. Òwò láàárín orílẹ̀-èdè, pàṣípààrọ̀ owó, ilé-iṣẹ́ tó dá nìkan gba gbogbo ọjà: máàkì tó lé ní ìdajì ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí àjọ ìdánwò fi kéde rẹ̀ wà nínú fáìlì ọ̀gá ilé-ìwé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé òun ti rí i gbà.

"Mi ò kà á," ló wí. "Mo rò pé mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé ní ká má sọ ọ́ nílé, ká má baà dẹ́rù ba àwọn òbí wa.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó ń gbìyànjú láti kọ́ wa ní ohun tóun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà lánàá. Á ya ìlà méjì tó kọjá lórí ara wọn sójú bọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lójijì. "Ẹ dúró ná." Á nù ún, á tún un yà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tuntun yẹn rọra sọ fún un pé ìlà kejì ló yẹ kó wá sókè. Ó ní, "O ṣeun." Báwo lèèyàn ṣe máa bínú sí ẹni tó ní o ṣeun báyẹn? Ìbá tiẹ̀ pariwo mọ́ wa, ká lè rí nǹkan bá a jà sí.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo ka ìbéèrè mẹ́rin. Mẹ́ta wá láti apá kẹta. Mo dá ọ̀kan lóhùn. Lẹ́yìn náà, torí pé mi ò lè fi ìwé sílẹ̀ lófìfo, mo kọ nóòtì Tíṣà sílẹ̀ láti orí, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìlà abẹ́ rẹ̀. Ìwé náà kún dẹ́múdẹ́mú, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní ìkankan níbẹ̀.

D ni mo gbà. Yunifásítì ní àyè ti tán. A kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣe ìdánwò, wọ́n ní gbogbo ilé-ìwé ni àwọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí.

Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lójú tiẹ̀, eré ni mo ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, Tíṣà kan ilẹ̀kùn wa. Inú ìyá mi dùn débi pé ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu àga fún un.

"Màmá, mo wá bẹ̀ yín ni," ló wí. Kò jókòó. "Ẹ̀bi ọmọ yìí kọ́. Ohun tí wọn ò béèrè ni mo kọ́ wọn."

"Háà, ẹ má gbè é lẹ́yìn, sà! Àwọn tí ẹ kọ́ ṣáájú rẹ̀, ṣebí wọ́n yege. Ẹ̀yin lẹ ń tẹ ara yín ba báyìí nítorí ọmọ ọlọ́mọ?"

"Màmá, ẹ gbọ́ mi ná."

"Mo ti gbọ́, sà. Èèyàn dáadáa ni yín."

Tíṣà wò mí pé kí n ran òun lọ́wọ́. Mo ní, "Màmá, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn ló ṣì wá lọ́nà."

Ìyá mi yíjú sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n. "Lójú wọn! O fi ọdún méjì ṣeré, o wá ń ti ẹ̀bi sí olùkọ́ rẹ lọ́rùn lójú wọn! Ó yá, kúnlẹ̀. Bẹ̀ wọ́n."

Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ ní kó dìde."

"Kò ní dìde, sà, àfi tí ẹ bá ní ẹ ti dárí jì í."

Tíṣà wo ìyá mi, ó wò mí. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ti ń dun orúnkún mi.

"Mo ti dárí jì ọ́," ló wí.

Ìyá mi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì dúpẹ́.