Orúkọ Àdàbà Ojú Fèrèsé Wa

Ìyàwó mi ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Nígbà tó kú, ilé wa ní Parkchester, lókè òkun níbí, dákẹ́. Lọ́dún kejì, mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Mo rò pé màá kàn jókòó sẹ́yìn, kí n máa kọ̀wé. Àfi bí tíṣà ṣe ní kí oníkálukú mú ẹyẹ kan ní àdúgbò rẹ̀, kó dúró níwájú kíláàsì, kó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kò ní yege.

Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Dádì, ìṣẹ́jú márùn-ún? Ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí mo ríṣẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ méjì ni."

"Ẹ ò ráyé yín!"

Mo lọ sí láíbìrì. Ẹyẹ aláyà pupa tó ń ṣa ekòló nínú pápá, aṣíkiri ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa nínú bílídìn tí mò ń gbé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àdàbà ni mo mú. Méjì ló máa ń bà sórí ẹ̀rọ amúlétutù tó yọ síta lójú fèrèsé wa. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ń da ìrẹsì fún wọn. Èmi ni mò ń dà á báyìí. Zenaida macroura ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ kejì rọrùn: onírù gígùn ni. Ti àkọ́kọ́ ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tó fún ìdílé àwọn àdàbà yìí lórúkọ, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló fún wọn.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé pẹ̀lú ìyàwó mi, n kò fẹnu pe orúkọ rẹ̀ rí. Orúkọ ọmọ ni mo fi ń pè é, bí bàbá mi ṣe ń pe ìyá mi. Kó tó bímọ, ṣe ni mo máa ń wúkọ́ tí mo bá fẹ́ pè é.

Ọjọ́ pé, mo dúró níwájú. Mo sọ ti ìrù; ìṣẹ́jú kan kò tíì pé. Mo sọ ti ìyàwó ọkùnrin yẹn, ọ̀rọ̀ tán. Tíṣà wo aago. Ọmọbìnrin ará Puerto Rico kan nawọ́ sókè.

"Mísítà, ká ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ ńkọ́?"

Mo pe orúkọ ìyàwó mi.

Wọ́n ní kí n tún un pè. Ni kíláàsì bá ń pè é lẹ́yìn mi, wọ́n ń lọ́ ohùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sọ ti ìrẹsì. Mo sọ bí ìyàwó mi ṣe máa ń bá àwọn àdàbà náà jà tí wọ́n bá ṣu sára fèrèsé.

"Ó ti tó o," ni tíṣà wí. "Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lẹ ti lò."

Nígbà tí mo délé, mo da ìrẹsì sójú fèrèsé, mo sì pe àdàbà kan tó ti bà síbẹ̀ lórúkọ. Ọmọ mi sáré jáde láti yàrá.

"Dádì! Orúkọ Mọ́mì nìyẹn!"

"Mo mọ̀."

Àdàbà kejì fò wá bà.

"Èyí wá ńkọ́?" ọmọ mi bi mí. "Kí lorúkọ tiẹ̀?"

Mo wúkọ́.