Apẹ̀rẹ̀ Kejì

Ní ọdún 1996, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, ibà dá bàbá mi dùbúlẹ̀ nílé wa ní Ṣágámù. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo ṣàkíyèsí pé gbogbo oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ni ó ń yìn. Bàbá mi kì í yin oúnjẹ. Gbànja ni ó ń tà, ahọ́n rẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀: àwọn oníbàárà Haúsá ní Sábó kì í di ẹrù àfi bí ó bá gé obì jẹ, tí ó ní ó dára.

Mo dán an wò. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo se ìkọ́kọrẹ́, n kò sì fi iyọ̀ kankan sí i. Ó jẹ ẹ́ tán.

“O ṣeun, ọmọ mi. Ó dùn.”

Mo gbé abọ́ wọ ilé ìdáná, mo dúró síbẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti kú. Èmi nìkan ni mo kù nílé pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni yóò sọ fún un pé kí ó má lọ sí Sábó mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò rẹ̀ tí ó ń ṣe alásè nínú ọkọ̀ òkun wá kí i. Ó mú wísíkì kan bọ̀ láti Sikọ́tíláńdì, nínú páálí gígùn. Ó bu díẹ̀ sínú ife.

“Ṣé oògùn ojú lo fẹ́ kán fún mi ni?” bàbá mi bi í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o. Kì í ṣe ògógóró Ìlárá lèyí.”

“Ṣebí òun lo mu kí o tó mọ ọkọ̀ òkun.”

Ó fà á sẹ́nu, ó di ojú, bí ó ti máa ń ṣe bí obì bá wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bu omi wá, ó mu ún lé e.

“Wọ́n pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ọtí ni o, kì í ṣe gbànja!”

“Mo ní wọ́n pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ó kọ́kọ́ sùn sí gbẹ, ó ń ta bí èèpo igi. Ibi kejì ló ti rí adùn, bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù.”

Inú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́ ni a ń kó gbànja sí. Bí ewé bá gbẹ, a ó tú u sí apẹ̀rẹ̀ mìíràn tí ewé rẹ̀ tutù. Bàbá mi gbà pé obì máa ń mú nǹkan lára apẹ̀rẹ̀ tí ó sùn sí kẹ́yìn.

Àbúrò rẹ̀ kò mú awò ojú rẹ̀ wá, nítorí náà èmi ni mo ka ara páálí náà. Ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n. Ó pẹ́ nínú àgbá onígi kan, kí wọ́n tó dà á sínú àgbá tí wáìnì dídùn ti wà rí. Mo tọ́ ọ wò. Ó jó mi lọ́fun. Lẹ́yìn tí mo mu omi ni adùn àgbálùmọ̀ náà tó yọ sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ jáde lọ kí àwọn aládùúgbò, mo kúnlẹ̀ láti kó ife.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ní ìkọ́kọrẹ́ Ọjọ́bọ̀ dùn? Mi ò fi iyọ̀ sí i.”

“Mo mọ̀.” Kò wo ojú mi. “Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló gbà ọ́ lọ́kàn. Ṣé kí n tún wá máa bá ọ wí nítorí iyọ̀?”

N kò lè sọ fún un pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó na ife náà sí mi.

“Fi iyọ̀ sí t’ọ̀la. Mò ń lọ sí Sábó.”